Ìwé àti Owó Oṣù ní Kàdúná: Ohun tí Gonin Gora Kọ́ Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Síbẹ̀, láti ìgbà pípẹ́ ni a ti ń sọ fún àwọn ọmọ wa pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wọ ọjà owó oṣù, ìyẹn ni ọ̀nà ilé-ìwé. Ǹjẹ́ òótọ́ ni? Láti dáhùn ìbéèrè yìí, ẹ jẹ́ kí a yẹ ìtàn ìlú Kàdúná wò, kí a sì dúró sí Gonin Gora láti wò ó. Gonin Gora wà ní ìhà gúúsù ìlú náà, lẹ́bàá títì tí ó lọ sí Àbújá. Ilẹ̀ oko àwọn Gbagyi ni kí ìlú tó nà dé ibẹ̀. Kakuri, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ ńláńlá wà, kò jìnnà sí i. Nítorí náà, bí nǹkan bá ṣe Kakuri, kì í pẹ́ kan Gonin Gora.

Kàdúná kì í ṣe ìlú àtayébáyé bíi Zaria tàbí Kano. Àwọn Òyìnbó ni ó tẹ̀ ẹ́ dó, ní nǹkan bí ọdún 1917 ni wọ́n sì kó olú-ìlú Òkè Ọya kúrò ní Zungeru wá sí ibẹ̀. Ìjọba àti iléeṣẹ́ rélùwéè ń wá ẹni tí ó mọ̀wé, wọn kò sì rí i tó. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ilé-ìwé ti bẹ̀rẹ̀ ní Àgbádárìgì láti 1843, St. Andrew's ti wà ní Ọ̀yọ́ láti 1896. Ní Òkè Ọya, ìjọba kò fẹ́ kí àwọn míṣọ́nnárì wọ ìlú àwọn ẹ́míà, ilé-ìwé ìjọba tí Hanns Vischer dá sílẹ̀ ní Kano kò sì bẹ̀rẹ̀ títí di 1909. Báyìí ni ọmọ Ẹ̀gbá tàbí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó ka ìwé mẹ́fà péré ṣe lè wọ ọkọ̀ ojú irin, kí ó dé Kàdúná, kí ó sì di akọ̀wé pàtàkì. Kì í ṣe pé ìmọ̀ inú ìwé mẹ́fà jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó ní in ni kò pọ̀. Ohun tí ó bá wọ́n ni í gbówó lórí.

Ṣùgbọ́n ayé ń yí. Nígbà tí Sir Ahmadu Bello di olórí ìjọba Òkè Ọya ní 1954, ẹ̀rù ń ba àwọn ènìyàn rẹ̀ pé àwọn ará gúúsù ni yóò gba gbogbo iṣẹ́ ìjọba. Wọ́n wá là á sílẹ̀ pé ọmọ Òkè Ọya ni kí a kọ́kọ́ gbà. Bí a kò bá rí i, kí a gba Òyìnbó tàbí ará ìhà mìíràn lábẹ́ àdéhùn ìgbà díẹ̀. Ọ̀pọ̀ akọ̀wé ọmọ Yorùbá ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìwé-ẹ̀rí wọn kò yí padà, lẹ́tà kan kò parẹ́ nínú rẹ̀. Ọjà tí wọ́n ti ń ná an ni ó yí.

Ní àkókò kan náà, ọ̀nà mìíràn là. Ní 1957, Kaduna Textiles, tí ìjọba Òkè Ọya àti iléeṣẹ́ David Whitehead ti Lancashire jọ dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí hun aṣọ. United Nigerian Textiles tẹ̀lé e ní 1964, iléeṣẹ́ ọkọ̀ Peugeot ní 1975, ilé ìfọpo ní 1980. Àgbẹ̀ gbin òwú, ẹ̀rọ ran án, ó sì hun ún. Ẹni tí kò kàwé púpọ̀ rí iṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ. Ẹni tí ó kàwé rí iṣẹ́ nínú ọ́fíìsì. Ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1956, tí ó di Kaduna Polytechnic ní 1968, ń kọ́ àwọn tí yóò tún ẹ̀rọ ṣe. Bí òṣìṣẹ́ bá gba owó oṣù, onílé, télọ̀ àti ìyá olóúnjẹ náà gbà nínú rẹ̀.

Lákòókò yìí kan náà ni ilé-ìwé ń pọ̀ sí i. Ìjọba Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ìwọ̀-oòrùn ní January 1955. Ní 1960, ìgbìmọ̀ Ashby ní owó tí a ná sí ẹ̀kọ́ jẹ́ irúgbìn tí yóò so èso fún ọrọ̀-ajé. Ní 1975, owó Údójì sọ iṣẹ́ ìjọba di oyin lójú gbogbo ayé. Ní 1976, ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ jákèjádò Nàìjíríà. Irúgbìn pọ̀, ṣùgbọ́n oko ń dínkù. Láti 1986 tí ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ti dé, náírà ń rọ̀, ohun èlò ẹ̀rọ ń wọ́n, iná mànàmáná kò dúró, aṣọ fàyàwọ́ sì kún ọjà. Kaduna Textiles tì ní 2002. United Nigerian Textiles tì ní October 2007, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ sì pàdánù iṣẹ́. Lóòótọ́ ó tún ṣí díẹ̀ ní 2010, ṣùgbọ́n kò padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀.

Kí ni ẹni tí ó kàwé yóò ṣe bí ilé-iṣẹ́ bá tì? Iṣẹ́ olùkọ́ ni ọ̀pọ̀ sá dì, bóyá ó wù wọ́n tàbí kò wù wọ́n. Ní 2017, ìjọba Ìpínlẹ̀ Kàdúná fún nǹkan bí 33,000 olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìdánwò ọmọ kíláàsì kẹrin. 21,780 ni kò gba máàkì tí a là sílẹ̀. Olúkúlùkù wọn ni a ti gbà síṣẹ́ bí ẹni tí ó mọ̀wé. Lójú tèmi, bí iṣẹ́ kan ṣoṣo bá kù tí gbogbo ènìyàn ń rọ́ lọ, àwọn tí kò yẹ yóò wọ ibẹ̀ pẹ̀lú.

Àwọn kan wá ń wí pé ìwé kò wúlò mọ́. N kò gbà. Ohun tí ìtàn yìí ń fi hàn ni pé ìwé nìkan kì í dá iṣẹ́ sílẹ̀, iṣẹ́ pàápàá kò sì lè dàgbà láìsí ìmọ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àwa ni a óò dúró níwájú àwọn ọmọ Gonin Gora àti ti ibi gbogbo. Bí wọ́n bá bi wá pé, “Olùkọ́, iṣẹ́ wo ni mo lè fi ìwé yìí ṣe?” ẹ má jẹ́ kí a purọ́ fún wọn. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ wọn ní ìwé kí ó yé wọn, kí a sì fi iṣẹ́ ọwọ́ kún un. Kí àwọn tí ó ń ṣe ìjọba náà má ṣe máa ka iye ilé-ìwé tí wọ́n kọ́ láìka iye ilé-iṣẹ́ tí ó tì.