Sinimá tí a Yìn kí a tó Rí i

Àwọn baba wa ní ọjọ́ tí a bá kú là ń dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Òwe náà kò mọ sórí ènìyàn nìkan. Ẹ jẹ́ kí a fi sinimá Amẹ́ríkà kan wò ó.

Two-Lane Blacktop ni orúkọ rẹ̀; Monte Hellman ni ó darí rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ń gbé ọkọ̀ Chevrolet ọdún 1955 kan káàkiri, eré ìje ni wọ́n fi ń jẹun. Wọ́n pàdé ọkùnrin kan tí ó ní ọkọ̀ Pontiac, wọ́n sì jọ ta tẹ́tẹ́ pé ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé Washington ni yóò gba ọkọ̀ ẹnì kejì. James Taylor, olórin tí òkìkí rẹ̀ ń kàn nígbà náà, ni ó ṣe awakọ̀. Dennis Wilson, ti ẹgbẹ́ olórin Beach Boys, ni ó ṣe mẹkáníìkì.

Ní oṣù Kẹrin 1971, kí sinimá náà tó jáde, ìwé ìròyìn Esquire tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà sí iwájú ìwé pé òun ni òun yàn ní sinimá ọdún náà.

Ó jáde ní oṣù Keje. Ẹni tí ó wá gbọ́ orin Taylor kò gbọ́ ọ. Kò kọrin rárá. Ẹni tí ó wá wo ẹni tí yóò borí kò rí i. Eré ìje náà kò parí. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò ní orúkọ, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀nà jìn, ọkàn wúwo. Níkẹyìn, ohùn dákẹ́, àwòrán náà fúnra rẹ̀ sì ń jóná lójú wa.

Ohùn àwọn tí ń díwọ̀n sinimá kò ṣọ̀kan. Roger Ebert, ní Chicago, yin Warren Oates tí ó ṣe ọlọ́kọ̀ Pontiac. Ṣùgbọ́n èrò kò wá. Esquire pàápàá padà fi ìyìn ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní 2012, Ilé Ìkàwé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Amẹ́ríkà fi orúkọ sinimá yìí kan náà sínú àwọn tí kò gbọdọ̀ parun.

Kí ni ó yí padà? Kì í ṣe àwòrán náà. Ariwo ni ó rọlẹ̀, àwọn tí ó wò ó lẹ́yìn náà kò sì bá ìlérí ẹnikẹ́ni wá. Wọ́n rí i pé ìdákẹ́jẹ́ náà gan-an ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹni tí a ti ṣèlérí iyán fún kì í mọ adùn ẹ̀kọ. Bí ẹ bá fẹ́ dá iṣẹ́ ẹnìkan lẹ́jọ́, ẹ kọ́kọ́ bi í ohun tí ó fẹ́ ṣe. Ó dìgbà kan ná o.