Owó Ìrànwọ́ Tí Kò Dé Ìdí Ààrò

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 2009, lẹ́tà kan jáde láti ọ́fíìsì Ààrẹ Umaru Musa Yar'Adua sí NNPC, àjọ elépo rọ̀bì ilẹ̀ Nàìjíríà. Lẹ́tà náà pàṣẹ pé kí owó ìrànwọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ń san lórí kẹrosíìnì dópin, nítorí pé kò dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹ̀kúnnù tí a torí wọn ń san án.

Ààrẹ náà kú ní oṣù Karùn-ún ọdún 2010. Owó ìrànwọ́ ní tirẹ̀ kò kú. Ní oṣù Kejì ọdún 2014 ni ọ̀rọ̀ náà bẹ́ síta, nígbà tí Sanusi Lamido Sanusi, gómìnà báńkì àpapọ̀ nígbà náà, ṣí ìṣirò rẹ̀ síwájú àwọn aṣòfin àgbà. Gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, kẹrosíìnì tí lítà rẹ̀ ń ná ìjọba ní nǹkan bí 150 náírà, nǹkan bí 40 náírà ni NNPC ń tà á fún àwọn alágbàtà, aráàlú sì ń rà á ní 170 sí 220. Iye tí òfin fọwọ́ sí ní ilé epo kò ju 50 lọ. Ìyàtọ̀ àárín iye wọ̀nyí ti tó láti sọ ènìyàn di olówó. Bẹ́ẹ̀ ni epo tí ó fẹ́rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà ni bàálù ń lò. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá yà kúrò lọ́nà, ta ni yóò mọ̀?

Èsì tí àwọn aláṣẹ epo fọ̀ ni pé a kò tẹ àṣẹ Yar'Adua jáde nínú gásẹ́ẹ̀tì ìjọba. Àwáwí ńlá! Ní ọjọ́ 20 oṣù kan náà, Ààrẹ Goodluck Jonathan dá Sanusi dúró lẹ́nu iṣẹ́, ó ní ó ń ná owó báńkì ní ìnákúnàá.

Kí ọdún náà tó parí, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí owó tí ó lé ní bílíọ̀nù 9 náírà láti ra 750,000 ààrò ìgbàlódé, èyí tí kì í jẹ igi púpọ̀, fún àwọn obìnrin ìgbèríko. Ìbò ku oṣù díẹ̀. Síbẹ̀, èrò náà sàn ju ti kẹrosíìnì lọ: ààrò ṣeé kà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, epo kò ṣeé kà bẹ́ẹ̀. Ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2015, nígbà tí Jonathan ń palẹ̀ mọ́, díẹ̀ nínú àwọn ààrò náà wà ní pápá ìṣeré Àbújá fún àfihàn, aáwọ̀ lórí owó agbaṣẹ́ṣe sì ń lọ lọ́wọ́.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2016, àjọ tí ń díye lé epo gbé kẹrosíìnì láti 50 náírà sí 83. Ọ̀pọ̀ ìyá tí ń ra tiwọn ní ìgò lọ́jà kò mọ ìyàtọ̀ kankan, nítorí wọn kò rà á ní 50 rí.