Ojú-Ewé Àlàyé Nínú Kọ̀ǹpútà

Àgúnmu tí ẹni tó gún un kú láìsọ bí a ṣe ń lò ó, bí ó tilẹ̀ lè woni sàn, ta ni yóò fi sẹ́nu? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ètò kọ̀ǹpútà tí kò ní àlàyé rí.

Èyí yé àwọn tó dá Unix sílẹ̀ ní Bell Labs, ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kọkànlá, ọdún 1971, Ken Thompson àti Dennis Ritchie gbé ìwé ìlò rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Lára ohun tí ojú-ewé kọ̀ọ̀kan ń sọ ni orúkọ àṣẹ, bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ tí ó ń ṣe àti àbùkù rẹ̀. Ẹ wo oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ àbùkù ohun tí ó ṣe!

Roff ni wọ́n fi to àwọn ojú-ewé náà. Joe Ossanna mú un gbòòrò di troff. Nígbà tí ó kú ní 1977, Brian Kernighan tẹ̀síwájú níbẹ̀. Ní 1990, James Clark gbé groff jáde, èyí tí ọ̀pọ̀ Linux ń lò títí di òní.

Ṣùgbọ́n roff nira láti kọ. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ a máa kọ àlàyé wọn ní ìlànà tó rọrùn, irinṣẹ́ mìíràn yóò sì sọ ọ́ di roff nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ ètò náà. Ibẹ̀ ni ewu wà. AsciiDoc ni wọ́n fi kọ àlàyé Git, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 2005. Ẹni tó bá kọ́ Git fúnra rẹ̀, tí ó pàṣẹ make install nìkan, yóò rí ètò gbà láìrí àlàyé; àfi kí ó fi make install-doc kún un.

Àwọn mìíràn ń lo help2man, tí ó ń fa ojú-ewé yọ láti inú ìrànlọ́wọ́ ṣókí tí ètò ń fọ̀ jáde. Ó sàn ju òfo lọ, ṣùgbọ́n ohun tí ètò kò bá sọ, ojú-ewé náà kò lè sọ ọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi gba ti àwọn Debian: lójú wọn, àìní ojú-ewé àlàyé jẹ́ àbùkù nínú ètò fúnra rẹ̀. Ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà ni okùn ń gbà. Abẹ́rẹ́ tó dá lọ láìsí okùn kò lè rán aṣọ kankan.