Ọgbà Tarot àti Ìwé Éèdì: Ipa Oníṣẹ́ Ọnà nínú Ìlanilọ́yẹ̀ lórí Ìlera

Oníṣègùn nìkan kọ́ ni ó ń gbógun ti àrùn; oníṣẹ́ ọnà náà ní ipa tirẹ̀. Àpẹẹrẹ kan ni Niki de Saint Phalle (1930–2002), ayàwòrán tí ó jẹ́ ọmọ Faransé àti Amẹ́ríkà. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, ó bẹ̀rẹ̀ ọgbà kan ní Tuscany, ní ilẹ̀ Ítálì. Àwòrán 22 tí ó ṣe pàtàkì jù nínú káàdì Tarot, èyí tí àwọn ará Yúróòpù fi ń ta ayò tí wọ́n sì fi ń woṣẹ́, ni ó sọ di ère ńláńlá níbẹ̀. Ikú wà lára wọn.

Iṣẹ́ náà kò tíì parí tí àrùn éèdì fi gbòde. Àìmọ̀ bí ìbẹ̀rù, àwọn ènìyàn sì ń sá fún aláìsàn. Ní ọdún 1986, òun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Silvio Barandun, oníṣègùn ará Switzerland, gbé ìwé aláwòrán kan jáde. Bí ìyá ṣe ń kọ lẹ́tà sí ọmọ ni ó kọ ọ́. Àkọlé rẹ̀ fi yé ni pé dídi ọwọ́ ara ẹni mú kì í kó éèdì ranni. Ìwé náà ṣàlàyé ọ̀nà tí àrùn náà ń gbà ràn, ó sì gbani níyànjú láti lo rọ́bà ìdáàbòbò. Ní ọdún 1989, éèdì pa ọ̀kan nínú àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́. Ọdún 1998 ni wọ́n ṣí ọgbà náà fún gbogbo ènìyàn.

Ìyàtọ̀ wà láàrin iṣẹ́ méjèèjì. Awoṣẹ́ a máa fi káàdì sọ ohun tí ń bọ̀ wá ṣẹlẹ̀. Ìwé náà sọ ohun tí ènìyàn lè ṣe kí ó má baà ṣẹlẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún olùkọ́ ni pé àwòrán ni ó ń fa ojú mọ́ra, ṣùgbọ́n ìmọ̀ oníṣègùn ni ó ń mú kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ òtítọ́.