Ọ̀mọ̀wé Ẹnjiníà

Bí a bá ní "dókítà", oníṣègùn òyìnbó ló máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀mọ̀wé, orúkọ tí à ń pe ẹni tó gba oyè dókítà ní yunifásítì, fi gbà wá lọ́wọ́ ìdàrúdàpọ̀. Ṣùgbọ́n ti ẹnjiníà tún ń fẹ́ àlàyé, torí ẹnjiníà tó dáńtọ́ lè má gba oyè ọ̀mọ̀wé rárá. Àjọ COREN ló ń forúkọ ẹnjiníà sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Yunifásítì ló ń fi èèyàn jẹ ọ̀mọ̀wé. Àwọn kan ń sọ pé "ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ", ṣùgbọ́n ta ló ń pe afárá tàbí ọ̀nà ní ẹ̀rọ? Ọ̀mọ̀wé ẹnjiníà tẹ́ mi lọ́rùn jù.

Àwọn ará Jámánì náà dojú kọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1899, Kaiser Wilhelm Kejì, olú ọba wọn, fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ẹnjiníà ní Prussia láṣẹ láti máa fi èèyàn jẹ Doktor-Ingenieur. Látìn ni wọ́n fi ń kọ oyè yòókù. Èdè Jámánì ni wọ́n ní kí wọ́n fi kọ èyí, kó lè yàtọ̀. Dr.-Ing. náà ni wọ́n ń kọ dòní, iyì ńlá ló sì jẹ́.

Nínú ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ gbígba oyè náà, àpilẹ̀kọ, ìyẹn thesis, ló dùn mọ́ mi jù. Ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi eérú èèpo ìrẹsì dípò díẹ̀ nínú sìmẹ́ńtì. Yóò po kọnkéré, yóò dà á sínú àpótí irin kékeré, yóò yọ ọ́ bó bá ti le, yóò rì í sómi fún ọjọ́ 28, yóò wá gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ tí yóò tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi fọ́. Yóò kọ agbára tó fi fọ́ sílẹ̀, yóò sì tún òmíràn pò. Bó ti wù kó ṣe é pẹ́ tó, bí kò bá rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ tẹ́lẹ̀, kò tíì tó oyè. Ó gbọ́dọ̀ pilẹ̀ nǹkan.

Ní ti ìdúró níwájú àwọn olùdánwò láti ṣàlàyé àpilẹ̀kọ náà, èyí tí wọ́n ń pè ní defence, àwọn kan ń pè é ní ìgbèjà. N kò fara mọ́ ọn, torí ẹni tí wọ́n ń bá jà là ń gbèjà. Àwíyé ni mo dábàá: kí èèyàn wí iṣẹ́ rẹ̀ kó yé àwọn tó mọ̀ ọ́n jinlẹ̀.

Ní ti irú ọ̀rọ̀ báyìí, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní 1984, ṣùgbọ́n èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ló dá lé, kì í ṣe iṣẹ́ ẹnjiníà. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ẹnjiníà, ẹ bá wa fi Yorùbá kọ ojú ìwé kan ṣáájú àpilẹ̀kọ yín, kí ìyá tó sanwó ilé ìwé yín lè kà á.