Ìjà Òrè Nínú Ìtàn Ogun Abẹ́lé Nàìjíríà

Ìfáárà

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú bébà yìí ni bí Ogun Abẹ́lé Nàìjíríà ṣe wọ Ẹkùn Oǹdó. Ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní 6 oṣù keje, 1967, ó sì parí ní 15 oṣù kìn-ín-ní, 1970. Ó ti mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lára láti máa sọ pé ogun náà kò kan ilẹ̀ Yorùbá, pé láàárín àwọn ará Ìlà-Oòrùn àti àwọn ará Àríwá ni wọ́n ti jà á. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan kò kúrò lẹ́nu wa títí di òní olónìí. Bí nǹkan bá le koko, a óò ní, "Ó le kú, ìjà Òrè!" Òrè tí a ń dárúkọ yìí kò jìnnà sí ìlú Oǹdó. Inú Ẹkùn Oǹdó ni ó wà, ẹkùn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 1915, tí wọ́n sì fi Àkúrẹ́ ṣe olú-ìlú rẹ̀.

Ìbéèrè méjì ni a óò gbìyànjú láti dáhùn. Èkíní ni ìdí tí ìjà náà fi bọ́ sí Òrè tí kò bọ́ sí ibòmíràn. Èkejì ni ibi tí ogun náà gbà lọ lẹ́yìn tí ó kúrò ní Òrè. Èrò wa ni pé ìrántí àwa Yorùbá nípa ogun yìí máa ń dúró ní Òrè, nígbà tí ogun fúnra rẹ̀ kò dúró níbẹ̀.

Ọ̀nà àti ogun ṣáájú 1967

Ẹni tí yóò bá mọ ìdí Òrè ní láti kọ́kọ́ mọ bí ọ̀nà ṣe rí, nítorí pé ọ̀nà ni ogun ń tọ̀. Àwọn ará Oǹdó ti mọ èyí kí Nàìjíríà tó wà. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìjà abẹ́lé tú Òde Oǹdó ká, àwọn ènìyàn sì sá lọ tẹ̀dó sí Òkè-Ọ̀pá àti àwọn ibòmíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1872 ni Glover, tí ó jẹ́ aláṣẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, rán Goldsworthy lọ bá wọn parí ìjà, kí wọ́n lè padà sí ìlú wọn. Kì í ṣe àánú nìkan ni ó mú Glover ṣe èyí. Àwọn Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá a máa ti ọ̀nà mọ́ àwọn ará òkè, Glover sì ń wá ọ̀nà mìíràn tí ọjà yóò máa gbà láti etí ọ̀sà, kọjá ní Oǹdó, lọ sí Ifẹ̀ àti Iléṣà. Nígbà tí Ogun Kírìjì dé, ọ̀nà Oǹdó yìí kan náà ni àwọn ọmọ Èkìtìparapọ̀ tí ó wà ní Èkó ń gbà fi ìbọn ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn wọn. Ọ̀nà tí ó mú àlàáfíà wọ Oǹdó ni ó tún gbé ìbọn kọjá.

Nígbà tí ayé ọkọ̀ dé, ẹni tí ó bá ń ti Èkó lọ sí Bìní a máa gba òkè, ní ọ̀nà Ìbàdàn, Ifẹ̀, Àkúrẹ́ àti Ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n kí Ogun Abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀, a ti la ọ̀nà kan tí ó yá ju ti ìṣáájú lọ, tí ó gba Ìjẹ̀bú-Òde àti Òrè já sí Bìní. Òrè sì di oríta pàtàkì. Ọ̀nà kan ti ibẹ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde àti Èkó, òmíràn lọ sí Oǹdó, Ifẹ̀ àti Ìbàdàn, òmíràn lọ sí Òkìtìpupa, èyí tí ó kù sì lọ sí Bìní. Ọmọ ogun tí ó bá ti Bìní wá, tí ó sì gba Òrè, lè yàn láti kọjú sí Èkó tí ó jẹ́ olú-ìlú Nàìjíríà nígbà náà, tàbí kí ó kọjú sí Oǹdó àti Ìbàdàn.

Bí ogun ṣe bẹ̀rẹ̀

Kí ọdún 1967 tó dé ni ọ̀rọ̀ náà ti kan àwọn ọmọ Ẹkùn Oǹdó. Nígbà tí àwọn sójà Àríwá dìtẹ̀ ní 29 oṣù keje, 1966, Ìbàdàn ni wọ́n ti mú Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba, pẹ̀lú Adékúnlé Fájuyì, gómìnà ológun fún Ìwọ̀-Oòrùn, ẹni tí ó gbà á lálejò. Wọ́n pa àwọn méjèèjì. Ọmọ Adó-Èkìtì ni Fájuyì. Ẹni tí ó rọ́pò rẹ̀, Adéyínká Adébáyọ̀, jẹ́ ọmọ Ìyìn-Èkìtì. Inú Ẹkùn Oǹdó ni ìlú méjèèjì wà nígbà náà.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ará Ìlà-Oòrùn ní Àríwá, àwọn tí ó yè sì sá padà sílé. Ní 27 oṣù karùn-ún, 1967, Yakubu Gowon pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12. Ní 30 oṣù náà, Odumegwu Ojukwu kéde pé Ìlà-Oòrùn ti di orílẹ̀-èdè Bìáfírà.

Ó yẹ kí a rántí pé àwọn olórí Yorùbá kò tíì fi gbogbo ara wọ inú ọ̀rọ̀ náà ní àkókò yìí. Wọ́n ń béèrè pé kí a kó àwọn sójà Àríwá kúrò ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sì sọ ní ìpàdé àwọn àgbààgbà ní Ìbàdàn, ní 1 oṣù karùn-ún, 1967, pé bí a bá jẹ́ kí Ìlà-Oòrùn lọ, kí Ìwọ̀-Oòrùn àti Èkó náà dúró lọ́tọ̀. Nígbà tí ìbọn kọ́kọ́ dún ní oṣù keje, ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ní iṣẹ́ ọlọ́pàá lásán ni òun ń ṣe.

Ìjà Òrè

Ní 9 oṣù kẹjọ, 1967, àwọn ọmọ ogun Bìáfírà gba orí afárá Odò Ọya kọjá sí Ìpínlẹ̀ Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n sì gba Bìní lọ́jọ́ náà. Olórí wọn, Victor Bánjọ, kì í ṣe ọmọ Ìgbò. Ọmọ Yorùbá láti Ìjẹ̀bú ni. Ó ti wà ní àtìmọ́lé láti oṣù kìn-ín-ní, 1966, nítorí ẹ̀sùn pé ó fẹ́ pa Ironsi. Ojukwu ni ó tú u sílẹ̀. Láti Bìní ni ó ti gbé ìhìn lé Wọlé Ṣóyínká lọ́wọ́ fún Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọ̀gá sójà ní Ìbàdàn, pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kọjá. Ọbásanjọ́ kò gbà. Ìjọba àpapọ̀ sì ju Ṣóyínká sí àtìmọ́lé títí di 1969.

Bánjọ kò tètè kúrò ní Bìní. Àwọn kan ní ọ̀dàlẹ̀ ni, àwọn mìíràn ní ó ń wá ọ̀nà ìlàjà tirẹ̀. Èyí tí ó dájú ni pé ìdúró náà fún ìjọba àpapọ̀ láàyè láti kó ọmọ ogun jọ. Kí oṣù kẹjọ tó parí, àwọn Bìáfírà ti dé Òrè, ibùsọ̀ bí i 130 sí Èkó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọlu ara wọn. Murtala Mohammed ni wọ́n fi ṣe olórí ọ̀wọ́ ọmọ ogun tuntun tí a pè ní Ọ̀wọ́ Kejì. Wọ́n lé àwọn Bìáfírà padà sẹ́yìn títí wọ́n fi gba Bìní ní 20 oṣù kẹsàn-án. Ní ọjọ́ kejì sí i, 22 oṣù náà, Ojukwu ní kí wọ́n yìnbọn pa Bánjọ àti ẹni mẹ́ta mìíràn fún ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀.

Ohun tí Òrè yí padà kò kéré. Gowon kéde pé ọ̀rọ̀ ti kọjá iṣẹ́ ọlọ́pàá, ó ti di ogun gidi. Ní ti àwọn Yorùbá, iyèméjì dópin. Ẹni tí ó ti ń wò ó bí ìjà ẹlòmíràn wá rí i pé ìbọn ti ń dún lẹ́yìnkùlé Oǹdó.

Láti Òrè dé Àsàbà

Ibí ni ìtàn máa ń parí lẹ́nu wa. Ṣùgbọ́n Ọ̀wọ́ Kejì kò padà sílé láti Bìní. Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n dé Àsàbà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, lẹ́yìn tí àwọn Bìáfírà tí ó ń sá lọ ti ba afárá Odò Ọya jẹ́. Ìgbò ni àwọn ará Àsàbà, ṣùgbọ́n abẹ́ Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn ni wọ́n wà, wọn kò sí nínú Bìáfírà. Ní 7 oṣù kẹwàá, 1967, wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n jó jáde láti fi hàn pé ti Nàìjíríà kan ṣoṣo ni àwọn. Àwọn sójà ya àwọn ọkùnrin àti ọmọkùnrin sọ́tọ̀, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ni ó kú. Ó tó 2001 kí ìgbìmọ̀ ìjọba tí Oputa ṣe alága rẹ̀ tó jókòó gbọ́ ẹjọ́ wọn ní gbangba.

Ọ̀wọ́ ọmọ ogun tí a ń yìn ní Òrè ni ó ṣe èyí, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì tọ̀ débẹ̀, oṣù méjì kò pé láàárín rẹ̀. Kì í ṣe pé a ń sọ pé kò yẹ kí wọ́n dá ogun dúró ní Òrè. Bí ogun bá kọjá níbẹ̀, Oǹdó ni ì bá kàn, tí Àkúrẹ́ yóò sì tẹ̀ lé e. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ìtàn ìgbàlà yìí ní láti sọ iye tí ẹlòmíràn san lórí ọ̀nà kan náà.

Ìkádìí

Láti 1976 ni Òrè ti wà nínú Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí Àkúrẹ́ ṣì jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, Òrè sì ni ibùjókòó Ìjọba Ìbílẹ̀ Odígbó. Àwọn ọlọ́kọ̀ àti èrò ń dúró jẹun níbẹ̀ lójoojúmọ́, ẹnu wọn kò sì kúrò lára "ìjà Òrè". Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1967 ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí. Àbá wa ni pé kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ó wà ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn jáde láti gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà tí ó kù: àwọn àgbẹ̀ tí ó sá kúrò lóko, àwọn awakọ̀ tí ó mọ ìgbà tí ọ̀nà tì, àwọn Ìgbò tí ó ti ń gbé láàárín wa kí ogun tó dé, àti àwọn tí ó jà ní ìhà méjèèjì. Kí wọ́n má sì fi mọ sí Òrè. Kí wọ́n bá ọ̀nà náà lọ dé Àsàbà, kí wọ́n gbọ́ bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń sọ ìtàn kan náà.