Èdè Orílẹ̀-èdè àti Ìṣọ̀kan ní Filipínì: Ìlérí Òfin 1987 tí Kò Tíì Ṣẹ

Erékùṣù tó wà ní Filipínì lé ní 7,000, èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ sì lé ní 100. Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé èdè àjùmọ̀lò ti so àwọn èèyàn ibẹ̀ pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìṣọ̀kan náà kò ní fẹsẹ̀ múlẹ̀ títí àwọn èdè abínibí yòókù yóò fi rí àyè tiwọn nínú rẹ̀.

Òfin ìpìlẹ̀ 1935 ló pàṣẹ pé kí wọ́n gbé èdè orílẹ̀-èdè kalẹ̀ láti inú ọ̀kan lára àwọn èdè abínibí. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n yan iṣẹ́ náà fún lọ́dún 1936 kò jẹ́ ti ẹ̀yà kan ṣoṣo: Jaime de Veyra, ọmọ Leyte, ni alága, àwọn ará Ilokos, Cebu àti Bikol sì wà níbẹ̀. Síbẹ̀, Tagalog, èdè Manila, ni wọ́n fọwọ́ sí, Ààrẹ Manuel Quezon, tí Tagalog jẹ́ èdè abínibí rẹ̀, sì kéde rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1937. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ Cebuano ti ń bèèrè ìdí tí èdè aládùúgbò wọn fi di ọ̀gá lórí tiwọn.

Wọ́n pe èdè náà ní Pilipino ní 1959. Òfin ìpìlẹ̀ 1987 wá sọ ọ́ di Filipino, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n máa fi àwọn èdè Filipínì yòókù bù kún un. Orúkọ yí padà. Gírámà àti èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ ti Tagalog.

Àwọn kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kò bá ẹ̀yà kankan tan, kí gbogbo wọn kúkú máa lò ó. Àwíjàre yìí gbójú fo bí èdè ṣe ń dé ẹnu aráàlú. Gẹ̀ẹ́sì bá ìjọba Amẹ́ríkà wọlé, ilé ẹ̀kọ́ ló sì gbé e dúró. Ẹni tí kò kàwé púpọ̀ kì í rọ́wọ́ mú nínú rẹ̀. Sinimá, rédíò àti ọjà Manila ló gbé Filipino dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kì í ṣe èdè ìyá wọn. Bí ará Ilokos bá pàdé ará Bikol ní Manila tàbí ní Hong Kong, òun ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀.

Ibi tí ìlérí 1987, pé àwọn èdè yòókù yóò bù kún Filipino, ti ń mẹ́hẹ ni ilé ẹ̀kọ́. Òfin 2013 ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ títí dé kíláàsì kẹta. Òfin 2024 ní kò pọn dandan mọ́. Òótọ́ ni pé ìwé àti olùkọ́ tó mọṣẹ́ kò tó, ṣùgbọ́n àtúnṣe èyí ni kí wọ́n tẹ ìwé sí i, kí wọ́n sì kọ́ olùkọ́ sí i. Ó yẹ kí àwọn aṣòfin dá èdè abínibí padà sí kíláàsì, kí Komisyon sa Wikang Filipino, àjọ ìjọba tó ń mójú tó èdè náà, sì mú ọ̀rọ̀ Cebuano, Ilokano àti Maranao wọ inú ìwé tí gbogbo ọmọ ń kà. Ọmọ tó bá gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ nínú èdè orílẹ̀-èdè ni yóò gbà pé tòun náà ni.